Bẹ́ǹṣì Méjìlá Tí Kì Í Padà Wálé

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí bàbá àgbà mi jẹ́, ẹ má wulẹ̀ wo ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé díákónì ni, pé káfíńtà ni, pé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá sí Minna nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, pé ó bí ọmọ mẹ́fà, ó sì sùn nínú Olúwa. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá Káfíńtà tí mo mọ̀ kò sí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ pé olóríkunkun ni. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ pé kì í yin ènìyàn, àfi kó sọ pé, "Kò burú," tí inú ẹni yóò sì máa dùn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Kò sì sẹ́ni tó sọ ohunkóhun nípa bẹ́ǹṣì méjìlá. Èmi Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó dàgbà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Shango ní Minna, ni mo fẹ́ kọ èyí tí wọ́n gbàgbé.

Pákó ọ̀gánwó ló fi kan àwọn bẹ́ǹṣì náà. Wọ́n gùn, wọ́n wúwo, ènìyàn mẹ́jọ lè jókòó sórí ọ̀kan láìfún ara wọn. Kò sí ìjọ kan ní Shango tí kò yá wọn rí, fún ìkórè, fún ìgbéyàwó, fún òkú. Àwọn Mùsùlùmí náà ń yá wọn fún ìsọmọlórúkọ àti wòlímọ̀. Bàbá kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ní òfin kan: bẹ́ǹṣì kì í padà sílé òun. Bí ìjọ rẹ bá fẹ́ ẹ, wàá lọ gbé e lọ́dọ̀ ẹni tó lò ó kẹ́yìn, ẹni yòówù kó jẹ́. O kò sì gbọdọ̀ rán ọmọdé. Àgbà ìjọ ni kó lọ, kó kí wọn, kó jókòó, kó mu omi wọn, kó tó fọwọ́ kan pákó.

Ẹni tí kò bá gbé àárín wa lè rò pé nǹkan kékeré nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Ìjọ wà ládùúgbò wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé ẹni tó bá tẹ ilé àdúrà àwọn kan, wàhálà ló ń gbé bọ̀ wálé. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí alàgbà ìjọ bẹ́ẹ̀ kan lọ gbé bẹ́ǹṣì ní ìjọ Aládùúrà. Wọ́n ní kó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bọ́ ọ, ó tún wọ̀ ọ́, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì bóyá ọmọ ìjọ rẹ̀ ń rí òun, ó sì padà wá bá Bàbá pẹ̀lú òógùn lójú. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán ẹnìkan." Bàbá kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń fá pákó. Ó ní, "Alàgbà, ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ bọ́ sílẹ̀ ni, àbí bàtà?"

Ó lọ. Ó tún mu omi wọn pẹ̀lú.

Bí nǹkan ṣe rí nìyẹn fún ọdún mọ́kàndínlógún. Àwọn Àgùdà ń lọ sọ́dọ̀ Aládùúrà, Aládùúrà ń lọ sọ́dọ̀ Áńgílíkà, gbogbo wọn ń lọ sọ́dọ̀ Àáfà. Ìjọ kan ṣoṣo ni kò wá yá bẹ́ǹṣì rí, ìjọ àbúrò Bàbá tó wà ní Jikpan. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àwọn méjì péré tó kúrò nílé wá sí Minna. Jóṣúà lorúkọ rẹ̀, Bàbá Jikpan ni àwa ọmọ ń pè é. Ọ̀nà tó wà láàárín ilé wọn kò ju kí ènìyàn wọ ọ̀kadà lẹ́ẹ̀kan lọ, síbẹ̀ wọn kì í wo ojú ara wọn. Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá ti wá sọ pé òun fẹ́ yá bẹ́ǹṣì, Bàbá á kọ́kọ́ bèèrè pé, "Láti ibo?" Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé orúkọ àdúgbò kan ló ń retí láti gbọ́. Kí àbúrò rẹ̀ wá, òun nìkan ló fẹ́ kó tó kú.

Ìdí iṣẹ́ rẹ̀ nìyí: òrùlé páànù, ayùn mẹ́ta lára ògiri, àti àpótí kan fún àlejò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ènìyàn bá fi ìbínú wọlé, tí ọ̀rọ̀ ti ń tú jáde lẹ́nu rẹ̀ kó tó kí ènìyàn, Bàbá á fi òòlù tọ́ka sí àpótí náà. "Jókòó ná." Kò ní sọ nǹkan mìíràn títí onítọ̀hún yóò fi jókòó. Mo ti rí pásítọ̀ tó jókòó lórí àpótí yẹn bí ọmọ ilé ìwé. Èmi náà ti jókòó níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, torí inú mi kì í pẹ́ ru, mo sì mọ̀ ọ́n jà. Nígbà kan tí mo bi í pé kí ló dé tí kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó wà lórí ìdúró, ó ní, "Ẹni tó dúró ti ń múra àtilọ. Kò sí ohun tí o fẹ́ sọ fún un."

Bàbá kò fẹ́ràn gbogbo ènìyàn o. Ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́ di áńgẹ́lì. Ó máa ń bá Àáfà Sálíù jà ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni Àáfà, òun ló ni ilé kéwú tó fara ti ìdí iṣẹ́ Bàbá. Ọ̀rọ̀ Jésù ni wọ́n máa ń jà lé lórí. Àáfà á ní wòlíì ni, Bàbá á ní Ọmọ Ọlọ́run ni, ohùn á ga, àwọn tó ń lọ lójú ọ̀nà á dúró. Síbẹ̀, bí àkókò ìrun bá tó, Bàbá á gbé òòlù sílẹ̀ títí wọn yóò fi kírun tán. Bí ó bá sì di oṣù àwẹ̀, inú yàrá ló ti ń mu omi, kì í mu ún ní gbangba. Lọ́jọ́ kan, Àáfà wá sọ pé ọ̀rọ̀ náà ń ti òun lójú. Ó ní, "Bàbá Káfíńtà, ẹ̀yin ń dá òòlù dúró fún wa, ṣùgbọ́n àwa kò lè dá Kùránì dúró fún yín lọ́jọ́ Sunday." Bàbá wò ó. "Haba, Àáfà! Ta ló ní kẹ́ ẹ dá a dúró? Ẹ sáà máa kà á dáadáa. Ọmọ yín kan wà tó ń ṣì í kà, èmi tí n kò gbọ́ Lárúbáwá gan-an mọ̀."

Ẹjọ́ ọ̀dà funfun ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Akọ̀wé ìjọ kan tí n kò ní dárúkọ ní kí bẹ́ǹṣì má baà sọnù, ó fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ ìjọ wọn gàdàgbà sẹ́yìn mẹ́ta nínú wọn, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Jésù ni Olúwa. Kò rántí ibi tí bẹ́ǹṣì ń lọ lẹ́yìn tiwọn. Ọ̀dọ̀ Àáfà ni. Ọjọ́ wòlímọ̀ dé, àwọn ọmọ kéwú wọ aṣọ funfun, àwọn bàbá wọn ti Ìlọrin dé tilé-tọ̀nà, gbogbo wọn jókòó síwájú, ọ̀dà funfun ń dán lẹ́yìn wọn. Àwọn kan fẹ́ fi ìbínú dìde. Àáfà ló rọ̀ wọ́n, ó ní kí wọ́n fi aṣọ bo ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì. Nígbà tí Bàbá gbọ́, ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ sí àgbàlá Àáfà, ó fá ọ̀dà náà kúrò níṣojú gbogbo wọn. Akọ̀wé sáré dé, ó ń ṣàlàyé pé orúkọ Jésù ni Bàbá ń fá dànù. Bàbá ní, "Orúkọ Jésù kò sí lára pákó yìí. Orúkọ yín ni ẹ kọ, ẹ wá fi tiẹ̀ tì í lẹ́yìn."

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ìyá mi, nítorí òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan kò rọrùn fún Bàbá bí ó ṣe ń rọrùn lẹ́nu àwọn oníwàásù. Ọmọ Áńgílíkà láti Ọ̀yọ́ ni ìyá mi. Wọ́n ti wọ́n omi sí i lórí láti ọmọ ọwọ́. Onítẹ̀bọmi ni àwa. Nígbà tí bàbá mi fẹ́ ẹ, ìjọ ní àfi kí wọ́n rì í bọ omi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní bá wọn jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Bàbá gan-an gbàgbọ́ nínú ìrìbọmi ju gbogbo wọn lọ. Ó sọ fún ìyá mi lójúkojú pé, "Ìyàwó wa, n kò ní tàn ọ́. Ohun tí mo gbà ni pé kí omi bo ènìyàn tán. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ nítorí ọkọ lo fẹ́ wọ omi, má wọ̀ ọ́." Ìyá mi kò wọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé àwo oúnjẹ Olúwa kọjá lójú ìyá mi, Bàbá, tó jẹ́ díákónì, tó ń bá wọn gbé àwo kiri, kò ní jẹ tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó sú pásítọ̀, tó pè é kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀, ohun tó wí kò ju èyí lọ: "N kò lè máa jẹun kí ìyàwó ilé mi máa wò mí lẹ́nu."

Wọ́n fún ìyá mi jẹ. Ó ṣì máa ń sunkún bí ó bá ń sọ ìtàn náà. Èmi kì í sunkún. Èmi máa ń bínú, torí mo ń bi ara mi pé báwo ni ẹni tó ṣe irú èyí fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ ṣe jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí ìjọ wa pín sí méjì. Ohun tí a gbọ́ bí ọmọdé ni pé èdè ló dá a sílẹ̀. Lójú mi, Bàbá Jikpan ló jẹ̀bi. Òun ló kó ènìyàn jáde, òun ló kó àwọn ọmọ tí a jọ ń jẹun nínú abọ́ kan lọ. Bí mo bá pàdé wọn ní ọjà Kure, mo máa ń yí ojú sí ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ, bí ẹni pé mo fẹ́ ra. N kò ní purọ́, mo kórìíra wọn dénú eegun.

Bẹ́ǹṣì méjìlá yẹn gan-an, ti ìjọ ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Bàbá ló kàn wọ́n fún un. Nígbà tí ìjọ pín, àwọn tó dúró ní tiwọn ni, àwọn tó lọ náà ní tiwọn ni, wọ́n sì ti ń dárúkọ ọlọ́pàá àti kóòtù. Ilé wa ni wọ́n ti máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Bàbá gba ọkọ̀ akẹ́rù, ó lọ kó gbogbo bẹ́ǹṣì náà, ó tò wọ́n síwájú ìdí iṣẹ́ rẹ̀ nínú òjò. Ó ní òun kò kàn wọ́n fún ìjà. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Lọ́dún tó kọjá, ó pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ó ní òun fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ nínú àgbàlá, kí gbogbo ìjọ àdúgbò wá, kí Àáfà náà wá. A ti ń ṣètò ná, ó pè mí.

"Àbẹ̀kẹ́, àga kò tó."

"Bàbá, ó tó. Bẹ́ǹṣì méjìlá. Mo ti ṣírò rẹ̀."

"Mo ní kò tó."

"Tí kò bá tó, ẹ jẹ́ ká wá àwọn tó ń fi àga háyà."

"N kò háyà. Yíyá ni mo fẹ́ yá. Àwọn ará Jikpan ní àga rọ́bà."

Mo rò pé ó ti ń ṣàárẹ̀ ni. Ẹ gbọ́ ná, kò sí ohun tí Bàbá kórìíra láyé bí àga rọ́bà. Ó ní àga tó ń tẹ̀ lábẹ́ ènìyàn, irọ́ ló ń pa. Bí wọ́n bá gbé e fún un lóde, á dúró títí òde yóò fi túká. Mo ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ ti ń retí kí wọ́n wá yá tiyín, ẹ̀yin lẹ wá fẹ́ lọ yá tiwọn?" Ó mú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ń yá ènìyàn ní nǹkan kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà lórí ìdúró."

A wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ẹsẹ̀ Bàbá kò dára mọ́, ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ ń sọ pé, "Baba, a hankali," pé kó rọra, bí a ṣe ń gbé e wọlé. Ojú ọ̀nà ni Bàbá ti sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Ó ní Jóṣúà ni ògbufọ̀ ìjọ láyé ìgbà náà. Ó ní Jóṣúà bẹ ìjọ pé kí wọ́n máa fi Hausa wàásù ní Sunday kan péré lóṣù, nítorí àwọn ọmọ tí a bí sí Minna kò gbọ́ Yorùbá dénú mọ́, nítorí àwọn Gbagyi, onílẹ̀ Minna, tó yí wa ká náà. Àwọn àgbà fárígá. Wọ́n ní ìjọ Yorùbá ni wọ́n dá sílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ Hausa kó gba ibòmíràn lọ. Jóṣúà kò dákẹ́. Wọ́n pe ìpàdé láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìjọ, wọ́n ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn pé kí wọ́n yọ ọ́ nawọ́.

"Mo nawọ́," ni Bàbá wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́, torí pé n kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé mo ń gbè sẹ́yìn ọmọ ìyá mi. Ó ń wò mí nígbà tí mo nà án."

Ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ náà jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sunday, ò ń sùn. Mo rò pé ọ̀lẹ ni ọ́. Ìgbà tó yá ni mo mọ̀ pé o kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ ni."

Òótọ́ ni. Hausa ni mo ń bá gbogbo ènìyàn sọ nígbà náà. Bàbá á bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, màá fi Hausa dá a lóhùn. Yorùbá tí mo ń kọ yìí, lẹ́yìn ìgbà tí mo dàgbà ni mo jókòó kọ́ ọ.

A dé Jikpan. Ilé àdúrà wọn kò ní ẹ̀ṣọ́ kankan, búlọ́ọ̀kù àti páànù lásán ni. Bàbá Jikpan wà lábẹ́ igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń ka ìwé. Ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n etí ńlá ìdílé wa ṣì wà lórí rẹ̀. Nígbà tó rí wa, ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, àgbàlagbà ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, nínú eruku.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Dìde, Jóṣúà. Mo wá yá àga."

"Àga wo?"

"Àga rọ́bà yín."

Bàbá Jikpan wo ọ̀dọ̀ mi bí ẹni pé kí n ṣàlàyé. Mo wo ilẹ̀.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bẹ́ǹṣì? Gbogbo Minna lẹ ń yá ní bẹ́ǹṣì."

"Kò tó."

"Ẹ̀gbọ́n mi, bẹ́ǹṣì méjìlá..."

"Jóṣúà, mo ní kò tó." Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ sọ́wọ́ òsì, ó wá tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀. "Ọwọ́ tí mo nà sókè lọ́jọ́ yẹn nìyí. Òun náà ni mo wá tẹ́ sílẹ̀ fún ọ."

Bàbá Jikpan yí padà, ó wọ inú ilé lọ, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Bàbá fa àga rọ́bà kan, ó sì jókòó lórí rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i lórí àga rọ́bà nìyẹn. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ jáde, ife omi ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fún un lómi, Bàbá mu ún tán, kò ṣẹ́ ku ẹ̀kán. Bàbá Jikpan kàn bèèrè pé, "Ọjọ́ wo lẹ fẹ́ ẹ?"

Bí a ṣe ń padà bọ̀, mo ń kùn pé ṣé ohun tó lè sọ nìyẹn. Bàbá kò gbọ́ mi. Ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ léraléra pé, "Ó fún mi lómi."

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, àga dé. Àgbà ìjọ wọn mẹ́rin ló kó wọn wá, wọ́n fọ̀ wọ́n mọ́ tónítóní. Bàbá Jikpan kò bá wọn wá. Bàbá jókòó sórí àga rọ́bà láti àárọ̀ títí ayẹyẹ fi parí, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu géètì. Àáfà jókòó tì í, wọn kò tilẹ̀ jiyàn lọ́jọ́ náà. Ó dùn mí wọra. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, mo sọ ọ́ jáde pé wọ́n ti dójú tì í. Ó fọwọ́ lu apá àga náà. "Àga rẹ̀ ti dé," ló wí. "Òun náà ń bọ̀."

Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀, Bàbá kú. Ó ṣàìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré. Bàbá Jikpan kò tíì wá. Ó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè sunkún, mo kàn ń ṣiṣẹ́ kiri ilé bí ẹ̀rọ.

Bẹ́ǹṣì wà lọ́dọ̀ Àáfà nígbà náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìsìnkú, mo lọ síbẹ̀. Mo mọ òfin. Mo bọ́ bàtà, mo kí wọn, mo jókòó lórí ẹní. Àáfà ti sunkún tí ohùn rẹ̀ há. Ó ní kí n mu omi. Mo mu omi. Mo ní, "Àáfà, mo wá gbé bẹ́ǹṣì."

"Wọ́n ti wá gbé e."

"Ta ni?"

"Àgbàlagbà kan, wọ́n ní àbúrò Bàbá Káfíńtà ni àwọn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n jókòó síbi tí o jókòó sí yẹn, wọ́n mu omi. Mo ní kí àwọn ọmọ kéwú bá wọn gbé e sínú ọkọ̀. Wọ́n ní rárá, ẹni tó fẹ́ ẹ ló ń gbé e. Wallahi, Àbẹ̀kẹ́, àwọn fúnra wọn ló di orí bẹ́ǹṣì kọ̀ọ̀kan mú, èmi di ìdí mú. Bẹ́ǹṣì méjìlá."

Níbẹ̀ ni mo ti sunkún, lórí ẹní Àáfà.

Nígbà tí mo padà délé, wọ́n ti tò wọ́n sínú àgbàlá, wọ́n gún régé. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbà ìjọ wa, àwọn kan nínú wọn tó nawọ́ lọ́jọ́sí, dé, wọ́n bá Bàbá Jikpan lórí bẹ́ǹṣì iwájú. Wọn kò mọ ibi tí wọn yóò jókòó sí. Ó sún kẹ́rẹ́. Wọ́n jókòó.

Pásítọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ní Yorùbá. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Hausa àti àwọn Gbagyi tó wá bá wa kẹ́dùn kúnlé, wọ́n kàn ń wo ẹnu rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò rán Bàbá Jikpan níṣẹ́. Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pásítọ̀, gbólóhùn tí pásítọ̀ bá ti sọ, ó ń yí i sí Hausa. Pásítọ̀ dúró díẹ̀, ó wò ó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dín gbólóhùn rẹ̀ kù kí àgbàlagbà náà lè rí i yí. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ títí dé ojú sàréè.

N kò sọ pé ìjọ méjèèjì ti di ọ̀kan. Wọn kò tíì jọ jẹ Oúnjẹ Olúwa, ìwé tí wọ́n fi yọ orúkọ Jóṣúà sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù níbì kan. Àáfà ṣì ní wòlíì ni Jésù, mo sì máa ń lọ bá a jiyàn nígbà mìíràn, kí àyè Bàbá má baà ṣófo jù. Ṣùgbọ́n Jikpan ni bẹ́ǹṣì wà lẹ́yìn ìsìnkú. Nígbà tí ìkórè ìjọ wa súnmọ́lé, pásítọ̀ pè mí, ó ní kí n bá àwọn rán ẹnìkan lọ kó bẹ́ǹṣì wá. Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ̀yin náà mọ òfin."

Ó mọ̀ ọ́n. Ó mú àgbà ìjọ méjì, mo ṣáájú wọn torí pé mo mọ ọ̀nà. Nínú kẹ̀kẹ́, wọ́n ń gbìmọ̀ ohun tí wọn yóò sọ, ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, bóyá kí wọ́n mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ ọjọ́sí tàbí kí wọ́n má mẹ́nu bà á. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n dúró gbagidi níwájú Bàbá Jikpan lábẹ́ igi rẹ̀. Pásítọ̀ tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe. Àgbà kan ti bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn..."

Bàbá Jikpan gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. Bẹ́ǹṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó ti fa ọ̀kan síwájú.

"Ẹ jókòó ná," ló wí.